Òwú Oníkókó Márùn-ún

Bàtà obìnrin náà ni ó kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí ojú rẹ̀. Bàtà dúdú pẹlẹbẹ, awọ rẹ̀ ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ ti òsì ti fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ.

Bí Aránbàtà ṣe máa ń wo ènìyàn nìyẹn. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni ó fi rán bàtà fún tọmọdé tàgbà, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń dá wọn mọ̀. Láti ìgbà tí ìrántí rẹ̀ ti ń jò, orúkọ ń bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ojú àwọn ènìyàn náà sì ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹsẹ̀ kò tíì dàrú.

"Bàtà yẹn ń há yín ní òsì," ni ó wí.

Obìnrin náà kò kọjú sí i. Ó fi etí ti ògiri. "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń gbọ́ nǹkan."

Ó dákẹ́. Orí bẹ́ǹṣì gígùn ni wọ́n wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kílíníkì Ìrántí, níbi tí wọ́n ti ń wo àwọn tí nǹkan ń tètè fò kúrò lọ́kàn wọn. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ògiri tó wà lẹ́yìn wọn. Ní òdì kejì rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ń ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún bàbá kan. Bàbá náà ń kà á tẹ̀lé e, ó ń wúkọ́ láàárín.

Obìnrin náà fa ìwé pélébé kan tó so mọ́ ọrùn jáde, ó kọ nǹkan sí i, ó pa á dé. Ìgbà náà ni ó tó yíjú.

"Àkàsọ̀, ẹyẹ, iná, aṣọ, odò," ni ó wí wẹ́rẹ́. "Ohun tí wọ́n ń bi lónìí nìyẹn. Wọ́n á kà á fún yín. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ẹ máa yọ méje méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Tí orí yín bá ti gbóná tán, wọ́n á ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn padà. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣubú."

Ohùn náà wọ̀ ọ́ lára. Kò ga, kò rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó mọ́, bí ẹni pé ó ń fi ọwọ́ gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ tún un sọ," ni ó wí.

Ó tún un sọ.

"Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Obìnrin náà wò ó. "Ṣé ọ̀rọ̀ náà lẹ fẹ́ gbọ́ ni, àbí ohùn mi?"

"Méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín. Àyà Aránbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò mọ̀ pé àyà òun ṣì lè lù bẹ́ẹ̀.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò. Òwú ìránbàtà kì í wọ́n níbẹ̀, irú èyí tí a ti fi ìda pa kí ó má baà já. Ó ta kókó kan fún àkàsọ̀, ọ̀kan fún ẹyẹ, títí ó fi di márùn-ún. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lórí òwú náà bí ó ti ń dáhùn. Ó gba gbogbo márùn-ún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan péré ni ó gbà. Máàkì méjìlélógún nínú ọgbọ̀n ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí Dókítà sọ fún un kò gùn. "Ìrántí yín ti ń dínkù ju bó ṣe yẹ lọ, bàbá. Kì í ṣe àrùn ìgbàgbé gan-an. Ẹ ṣì ń dá ara yín tọ́jú. Ó lè dúró síbi tó wà, ó lè burú sí i, àwọn kan sì wà tó ń sàn fún. Ẹ máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ká máa wò ó."

Lọ́jọ́ òwú náà, ó gba márùndínlọ́gbọ̀n.

Ó jáde, ó ń wá obìnrin náà kiri. Ó bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn, Nọ́ọ̀sì ń gba ìwé pélébé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Nígbà tó padà jáde, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mélòó lẹ rántí?" ni ó bi í.

"Iná," ni ó wí. "Iná nìkan." Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó so ó mọ́ ọrùn. "Tí wọ́n bá ti gba èyí lọ́wọ́ mi, ó parí. Èmi tí mo pín in fún gbogbo bẹ́ǹṣì."

"Ẹ mú bàtà yẹn wá sọ́dọ̀ mi," ni Aránbàtà wí. "Mi ò lè tún orí yín ṣe. Mo lè tún bàtà ṣe."

*

Ó mú un wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà wà, yàrá kan tó ní fèrèsé méjì, ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń rán bàtà tò lórí pẹpẹ bí ọmọ ilé ìwé. Kò gba iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ó gba ti obìnrin yìí, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ wákàtí kan.

"Ẹ ò tíì ṣe é tán?" ni obìnrin náà bi í lọ́sẹ̀ kejì.

"Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Gọ́ọ̀mù wo ni kì í gbẹ lọ́jọ́ méje?"

"Gọ́ọ̀mù àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó. Ó ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe rí fún un. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń so ìlà. Àwọn ènìyàn á pè, òun á gbọ́ ẹni tí wọ́n ń wá, á fa okùn, á so wọ́n pọ̀. Wọn kì í rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ni wọ́n sì ń pè é.

"Nọ́ńbà igba ni mo mọ̀ lórí," ni Olóhùn-iyọ̀ wí. "Igba. N kì í wo ìwé. Nọ́ńbà ilé mi gan-an ti wà nínú ìwé báyìí. Ohun tí mo gbọ́ láyé àtijọ́ ò lọ. Tàárọ̀ yìí ni kì í dúró."

Aránbàtà gbé ẹsẹ̀ òsì obìnrin náà lé itan ara rẹ̀, ó fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó fi ìwọ̀n ẹ̀yìn ọ̀bẹ fẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọrùn ẹsẹ̀ náà díẹ̀ ju bó ti yẹ.

"Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n tán?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ̀n ọ́n tán."

Obìnrin náà kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Túsìdeè tí kì í wá. Aránbàtà a ti gbá ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, a ti fá irùngbọ̀n, a ti máa wo ojú títì láti aago mẹ́sàn-án. Aago mọ́kànlá ni Olóhùn-iyọ̀ ń dé. Wákàtí méjì náà ni ó dùn mọ́ ọn jù. Ó dà bíi kí ó máa fò.

Ó rán bàtà tuntun fún un. Ó tún rán òmíràn. Àwọn oṣù ń lọ. Ní kílíníkì, Olóhùn-iyọ̀ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lára pátákó, Aránbàtà a máa ta kókó sí òwú. Ó gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Ti Olóhùn-iyọ̀ ń lọ sílẹ̀: mẹ́rìnlélógún, méjìlélógún, ogún.

"Ẹ gba òwú yìí," ni Aránbàtà wí fún un lọ́jọ́ kan. "Nọ́ọ̀sì ò ní rí i."

Olóhùn-iyọ̀ fọwọ́ pa kókó náà wò. "Ìka mi ò mọ èdè rẹ̀," ni ó wí. "Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ̀yin." Aránbàtà tẹ òòlu bọ awọ, ó gún ihò mẹ́ta síbi tí kò yẹ kí ihò wà.

*

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni ó sọ ọ́. Kò ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ wọ bàtà pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó rìn dé fèrèsé, ó rìn padà.

"Fẹ́ mi," ni Aránbàtà wí.

Olóhùn-iyọ̀ dúró. Ó fa ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

"Kí lò ń kọ?"

"Ohun tí o sọ. Tí mo bá kà á lọ́la, tí inú mi ṣì dùn báyìí, màá dá ọ lóhùn."

Ní ọjọ́ kejì, fóònù Aránbàtà dún kí ó tó bọ́jú. Olóhùn-iyọ̀ ni.

"Mo ti ka ìwé mi," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ni?"

"O ní kí n fẹ́ ọ. Lánàá."

Aránbàtà jókòó létí ibùsùn. Kò rántí. Ó wá inú orí rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà wà nílẹ̀ ní tirẹ̀, ó kún àyà rẹ̀, ó ń ti í dìde.

"Ọgbọ́n wà lórí mi lánàá nìyẹn," ni ó wí. "Mo tún wí i. Fẹ́ mi."

"Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ.

*

Ọmọkùnrin Olóhùn-iyọ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i.

"Bàbá, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ mọ̀ pé màámi máa ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà?"

"Mo mọ̀."

"Kì í sú yín?"

"Báwo ló ṣe máa sú mi? Mi ò rántí pé mo ti dáhùn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun ò ní ẹjọ́ kankan.

Ọmọ Aránbàtà ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ni. Apoògùn ni, ilé ìpoògùn tirẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Ó ń ṣètò oògùn bàbá rẹ̀ sínú àpótí kékeré oníhò méje lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun ni ó rí i ní ibùdókọ̀, tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò gba ọ̀nà yẹn mọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Kò gbàgbé ọjọ́ náà.

"Bàámi, mi ò kórìíra màmá yẹn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ẹni tí nǹkan ń fò mọ́ lórí fẹ́ fẹ́ ẹni tí nǹkan ń fò mọ́ lórí. Ta ló máa rántí pé iná wà lábẹ́ ìkòkò?"

"Èyí tó bá gbóòórùn rẹ̀ ṣáájú."

"Ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá yá, èmi ni màá máa gbé ẹni méjì." Ó pa àpótí oògùn dé. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe, bàámi? Ṣé orí yín ló ń sọ ọ́, àbí àìsàn yẹn? Tí Dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe, mo gbà. Tí kò bá kọ ọ́, fúnra mi ni màá lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó, màá ní kí wọ́n má so yín pọ̀."

Aránbàtà mọ ọmọ rẹ̀. Tó bá ní òun á lọ, yóò lọ.

"Jẹ́ ká lọ bá Dókítà," ni ó wí.

*

Inú Dókítà dùn láti rí wọn. Obìnrin kékeré kan ni, bàtà rẹ̀ kò ní gìgísẹ̀, ó sì máa ń sáré rìn. Kí wọ́n tó jókòó, ó ti yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń gòkè.

"Ẹ wo bàbá yín," ni ó wí fún Apoògùn. "Ọgọ́fà ènìyàn ni mò ń tẹ̀lé, láti mọ bí ìrántí ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún kan, ọdún méjì. Ó dúró fún àwọn kan. Ó ń burú fún àwọn kan. Àwọn díẹ̀ sàn. Kò sí ẹnì kankan tó gòkè bíi tiwọn. Méjìlélógún dé méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ti fi han àwọn ọ̀gá mi. Oorun ò kun ojú mi láti oṣù tó kọjá."

Apoògùn wo ìlà náà. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ṣé ìrántí wọn ti ń padà ni?"

"Ohun tí máàkì yìí ń sọ nìyẹn. Ìwé tí ẹ fẹ́ kò le rárá." Dókítà fa bébà kan sọ́dọ̀, ó ṣí bíírò.

Àyà Aránbàtà ń lù. Bíírò náà ti kan bébà. Ìlà mẹ́ta péré, ó parí, ó di ọkọ ìyàwó. Lẹ́yìn pátákó, ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀. Ó mọ ẹni náà. Olóhùn-iyọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fi etí ti ògiri, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú òwú jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Kókó márùn-ún.

"Èyí ló gba máàkì yẹn," ni ó wí. "Kì í ṣe èmi."

Ó ṣàlàyé. Kò pẹ́ rárá. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwé pélébé, kókó. Dókítà ń wo òwú náà bí ẹni tó rí kòkòrò nínú oúnjẹ.

"Bàbá," ni ó wí níkẹyìn, "mo ti fi ìlà yín han àwọn ọ̀gá mi."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ nísinsìnyí?" ni Apoògùn bi í. "Ó ti fẹ́ kọ ọ́."

"Mi ò lè fi orí àyálò gbé ìyàwó."

Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun, àpò òfìfo. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ní kí ó dá ọ̀rọ̀ márùn-ún padà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò rí ẹyọ kan. Ogún ni ó gbà. Apoògùn yí ojú sí fèrèsé.

Dókítà ti bíírò náà pa. Ó ronú. Lẹ́yìn náà ó tún un ṣí.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí fún Apoògùn. "Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìdánwò yìí ń sọ bí ìrántí ṣe rí. Kò lè sọ bóyá ènìyàn mọ ohun tó fẹ́. Ìyẹn ní ìbéèrè tirẹ̀. Màá bi wọ́n lónìí, màá kọ ìdáhùn wọn. Màá tún bi wọ́n lọ́jọ́ méje òní. Tí ìpinnu náà bá ṣì jẹ́ ọ̀kan, màá fọwọ́ sí i. Tó bá yí padà, mi ò ní fọwọ́ sí i." Ó yíjú sí Aránbàtà. "Kí lẹ fẹ́ ṣe, bàbá?"

"Mo fẹ́ gbé Olóhùn-iyọ̀ níyàwó."

"Kí ni yóò yí padà tí ẹ bá gbé e?"

"A ó máa gbé ilé kan. Tó bá ṣàìsàn, èmi ni wọ́n á pè. Tí mo bá kú, òun ni opó mi."

"Ẹ mọ̀ pé tirẹ̀ ń yára ju tiyín lọ?"

"Mo mọ̀."

"Lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta, ó lè má mọ̀ yín mọ́. Ṣé ẹ ti rò ó?"

Lẹ́yìn pátákó, bẹ́ǹṣì náà kò dún.

"Mo ti rò ó," ni Aránbàtà wí. "Tó bá máa gbàgbé mi, kó gbàgbé mi gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbàgbé mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè.

*

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Aránbàtà kò lè jẹun dáadáa. Ó gbé bàtà, ó gbé e sílẹ̀. Ó pe Olóhùn-iyọ̀ lórí fóònù.

"Sọ ọ́ sí mi létí," ni ó wí. "Ohun tí mo sọ fún Dókítà. O gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. O kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ̀."

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń kà á láràárọ̀."

"Kà á fún mi. Màá ta kókó sí i."

"Rárá, olólùfẹ́ mi," ni Olóhùn-iyọ̀ wí. "Tó bá wà nínú rẹ, á jáde. Tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ láti inú òwú."

"Tó bá fò mọ́ mi lórí ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ọjọ́ keje pé. Òjò ń ṣú. Aránbàtà wọ aṣọ tó mọ́, ó tú àpò rẹ̀ síta níwájú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kò sí òwú, kò sí nǹkan kan.

Olóhùn-iyọ̀ ni Dókítà kọ́kọ́ pè, kí ó lè gbọ́ tirẹ̀ náà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò yà kúrò lójú kan."

Aránbàtà wọlé. Apoògùn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì mọ́ báàgì.

"Bàbá, ṣé ẹ rántí ohun tí mo bi yín lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ó wo Dókítà. Ó wo tábìlì. Ó rántí pé wọ́n wá síbí. Ó rántí òwú. Ìyókù ṣú bí òkùnkùn.

"Mi ò rántí," ni ó wí.

Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀. Ó ti tán, ni ó rò.

"Kò burú," ni Dókítà wí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ó gbé orí sókè. Ìyẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìrántí.

"Mo fẹ́ gbé Olóhùn-iyọ̀ níyàwó. Kí a jọ máa gbé. Kó jẹ́ pé èmi ni wọ́n á pè tí ara rẹ̀ ò bá yá."

"Tí kò bá mọ̀ yín mọ́ lọ́la ńkọ́?"

"Kó gbàgbé mi gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀," ni ó wí wéré, bí ẹni pé kò tíì sí ẹni tó bi í rí. "Kó má gbàgbé mi gẹ́gẹ́ bí aránbàtà. Mo fẹ́ kí a ti ṣe é kí n tó gbàgbé. Èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Dókítà yí bébà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ́dọ̀ Apoògùn. Apoògùn kà á. Ó tún un kà. Bàbá rẹ̀ gbàgbé ìbéèrè, kò gbàgbé ìdáhùn.

"Bàámi," ni ọmọbìnrin náà wí, "nọ́ńbà mélòó ni ẹsẹ̀ mi?"

"Ogójì," ni Aránbàtà wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ọ̀tún rẹ gùn díẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá."

Apoògùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ bá mi rán bàtà, nígbà náà. Mi ò ní èyí tó ṣeé wọ lọ síbi ìgbéyàwó."

Láti ẹ̀yìn pátákó, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́.

*

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó kò tóbi. Tábìlì kan, àga méjìlá, fáànù kan tó ń ké. Aránbàtà rán bàtà mẹ́rin fún ọjọ́ náà: ti Olóhùn-iyọ̀, ti Apoògùn, ti dírẹ́bà ọmọ Olóhùn-iyọ̀, àti ti Dókítà, tó ní òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nítorí ìyà tí òwú yẹn fi jẹ òun. Ara Aránbàtà kò balẹ̀ láti àárọ̀. Ó so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Olóhùn-iyọ̀ wọlé nínú aṣọ aláwọ̀ òféfèé. Ọrùn rẹ̀ ṣófo. Ó ti gbé ìwé pélébé sílẹ̀ nílé.

"Mi ò fẹ́ kọ tòní sílẹ̀," ni ó wí fún un wẹ́rẹ́. "Mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Akọ̀wé ìgbéyàwó ka ẹ̀jẹ́ Aránbàtà fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ̀lé e dáadáa. Nígbà tó kan Olóhùn-iyọ̀, bóyá ebi ń pa Akọ̀wé ni, ó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Mo gbà ọ́ ní ọkọ mi," ni Olóhùn-iyọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo Akọ̀wé. Ó wo Aránbàtà. Ẹ̀rù wọ ojú rẹ̀.

Ọwọ́ Aránbàtà ti wà nínú àpò. Láti ọjọ́ mẹ́rin ni ó ti gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti ta á sí òwú, kókó kan tẹ̀lé òmíràn. Kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ta. Ti Olóhùn-iyọ̀ ni.

Ó tẹ̀ sí i létí. Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Nínú ìlera," ni ó wí wẹ́rẹ́.

"Nínú ìlera," ni Olóhùn-iyọ̀ wí.

"Àti nínú àìsàn."

"Àti nínú àìsàn."

Akọ̀wé gbé orí sókè. "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sọ ọ́ fún wọn ni?"

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o," ni Dókítà wí láti ìjókòó kejì.

"Èmi náà ò gbọ́," ni Apoògùn wí. Bàtà rẹ̀ tuntun ni ó ń wò.

Akọ̀wé wo gbogbo wọn, ó gbé ojú rẹ̀ padà sórí ìwé. Olóhùn-iyọ̀ sọ ọ́ dé òpin. Ohùn náà kò ga, kò rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó mọ́.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Dírẹ́bà hó yèè títí Akọ̀wé fi dì mọ́ ife omi rẹ̀.

Olóhùn-iyọ̀ di ọwọ́ Aránbàtà mú. "Ṣé a ti ṣe é?" ni ó bi í.

"A ti ṣe é, ìyàwó mi."

Ìdùnnú bo ojú rẹ̀. Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, bàtà pupa àti bàtà dúdú, ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ mu. Oòrùn kọlù wọ́n lójú. Olóhùn-iyọ̀ dúró, ó tún di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú le.

"Ṣé a ti ṣe é?"

"A ti ṣe é," ni Aránbàtà wí, àyà rẹ̀ sì lù kì-kì-kì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.